Ṣé ọmọ baba kan ni gbogbo Condylarthra? Ìdáhùn fún olùkọ́ tó béèrè nípa àwọn ẹran onípátákò àtijọ́

Olùkọ́ kan ló kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ èmi fúnra mi sọ pé Condylarthra ni baba ńlá gbogbo ẹran onípátákò, láti orí ẹṣin dé orí màlúù títí kan erin. Ọmọ kíláàsì mi kan lọ kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wá sọ fún mi pé kò sí ohun tó ń jẹ́ Condylarthra mọ́. Èwo ni kí n kọ́ wọn? Tí kò bá sí i mọ́, níbo wá ni wọ́n kó ẹran bíi Phenacodus sí?"

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Ẹ bá mi kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kú ìwádìí, nítorí ohun tó kà kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ẹ má tíì sọ ìwé àtijọ́ yín nù. Àwọn ẹran tí ìwé náà dárúkọ gbé ayé lóòótọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, eyín wọn àti egúngún ẹsẹ̀ wọn kún inú dúrọ́ọ̀ ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé New York, Washington àti Paris. Ohun tí kò dúró mọ́ ni pé ọmọ baba kan náà ni gbogbo wọn.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé àwọn ọmọ, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n mọ ìgbà tí à ń sọ. Mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn, òkúta ràgàjì kan já láti ojú ọ̀run, ó lu ilẹ̀ ní ibi tí à ń pè ní Chicxulub ní Mexico lónìí. Àwọn dáínósọ̀ pa run, àfi ìran tó di ẹyẹ. Àwọn afọ́mọlọ́mú tó ṣẹ́kù kò tóbi, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju eku lọ. Láàárín mílíọ̀nù ọdún 10 tó tẹ̀ lé e, ìyẹn sáà Paleocene, wọ́n gba àyè tó ṣófo: àwọn kan ń gun igi, àwọn kan ń jẹ ewé nílẹ̀, àwọn kan ń jẹ ẹran, àwọn kan sì dàgbà tó màlúù. Sáà yìí ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Condylarthra pọ̀ jù. Nígbà tó di nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 56 sẹ́yìn, ayé gbóná lójijì, sáà Eocene bẹ̀rẹ̀. Wẹ́rẹ́ ni ìran ẹṣin àti ìran màlúù yọ ní Amẹ́ríkà Àríwá, ní Yúróòpù àti ní Éṣíà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti pé bí ẹsẹ̀ onípátákò ṣe ń pé. Kò sẹ́ni tó rí ọ̀nà tí wọ́n gbà wá. Ìbéèrè tó ń jẹ àwọn onímọ̀ egúngún àtijọ́ lọ́kàn láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún nìyẹn: èwo nínú àwọn ẹran Paleocene ló bí wọn?

Edward Drinker Cope, ọmọ Philadelphia, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú láti dáhùn. Ó sọ Phenacodus lórúkọ ní 1873, nígbà tó jẹ́ pé eyín ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí egúngún ara tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé jáde láti ilẹ̀ Wyoming ní Amẹ́ríkà, ó rí i pé ẹran náà yàtọ̀ sí gbogbo ohun tó mọ̀, ní 1881 ó sì dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ fún un, Condylarthra. Phenacodus tóbi tó àgùntàn. Ìka márùn-ún ló wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta tó wà láàárín ló ń gbé ara dúró, ìka àárín gan-an ló sì nípọn jù. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìka àárín nìkan ló kù ní ẹsẹ̀ ẹṣin òde òní yóò rí ìdí tí inú Cope fi dùn.

Egúngún kókósẹ̀ kan ni Cope tẹjú mọ́ jù, èyí tó gbé egúngún ojúgun dúró. Ti ẹṣin, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti màlúù, ewúrẹ́ àti ìgalà, kòtò wà láàárín rẹ̀ lókè, òmíràn tún wà nísàlẹ̀, etí kòtò méjèèjì sì ga. Ti Phenacodus, òkè nìkan ló ní kòtò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí róbótó. Ìsàlẹ̀ róbótó yìí ni Cope fi dá ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun kan sọ́kàn: abẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ẹṣin ni Cope kọ́kọ́ fi Condylarthra sí. Ẹbí kékeré ló ní lọ́kàn, kò sọ pé òun ti rí baba gbogbo ẹran onípátákò.

Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Bí wọ́n ṣe ń wa eyín jáde ní New Mexico, Montana, Wyoming àti ilẹ̀ Faransé, gbogbo ẹran Paleocene tí eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá kúrú, tí orí eyín náà ní òkè kéékèèké tó rí rọ́bọ́rọ́bọ́, tí kò sì ní àmì kan pàtó tó lè gbé e lọ síbòmíràn, inú Condylarthra ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. George Gaylord Simpson, tí ìwé ìpínsísọ̀rí rẹ̀ ti 1945 jẹ́ òdiwọ̀n fún ìran àwọn olùkọ́ tó kọ́ èmi náà, ṣì gbìyànjú láti pààlà: ó fi ìdílé Arctocyon àti ìdílé Mesonyx sọ́dọ̀ àwọn ẹran ajẹran. Ní àwọn ọdún 1960, Leigh Van Valen kó àwọn méjèèjì wọnú Condylarthra. Òun àti Robert Sloan náà ló sọ Protungulatum lórúkọ ní 1965, ẹran kékeré kan láti Montana tí eyín rẹ̀ fi hàn pé ó ti ń kúrò nídìí jíjẹ kòkòrò. Orúkọ tí wọ́n fún un gan-an ń polongo pé òun ni àkọ́kọ́ nínú àwọn onípátákò. Láti ibẹ̀ ni àwòrán inú ìwé yín ti wá: Protungulatum nísàlẹ̀, Condylarthra ní ìdí igi, ẹṣin, màlúù, erin, òfàfà, àbùùbùtán àti àwọn ẹran ajèjì Gúúsù Amẹ́ríkà lórí ẹ̀ka.

Àwòrán náà dára lójú, ó sì rọrùn láti kọ́ ọmọ. Àṣìṣe inú rẹ̀ wà ní ìpìlẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ lo àkókò tó pọ̀ lórí rẹ̀ ní kíláàsì, nítorí tí àwọn ọmọ bá mọ ọ̀nà tí a fi ń mọ ìbátan, orúkọ ẹran kò ní fún wọn ní wàhálà mọ́.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ilà ojú ṣe àpẹẹrẹ fún wọn. Láyé àwọn baba wa, bí ẹni méjì bá pàdé lójú ogun tí wọ́n sì rí irú ilà kan náà lójú ara wọn, wọ́n mọ̀ pé ó ní ibi tí àwọn ti pàdé rí, nítorí ńṣe ni wọ́n fi ilà kún ojú, ìdílé tàbí ìlú kan ló sì ni irú èyí tí wọ́n bá kọ. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá kó gbogbo ẹni tí kò kọlà jọ, láti Ìjẹ̀bú dé ilẹ̀ Ṣáínà, tó wá sọ pé ìdílé kan ni wọ́n, a óò ní kí ó lọ tún un rò. Ojú tí a kò kọlà sí ni ojú tí gbogbo ọmọ ènìyàn bá wáyé. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tó bíni.

Ìsàlẹ̀ kókósẹ̀ tó rí róbótó kò yàtọ̀ sí ojú tí kò kọlà. Ajá ní i. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní i. Èmi àti ẹ̀yin ní i nínú kókósẹ̀ wa. Ohun tí àwọn afọ́mọlọ́mú àtijọ́ fi sílẹ̀ fún wa ni, ìran ẹṣin àti ìran màlúù ló yí tiwọn padà, oníkálukú ní ọ̀nà tirẹ̀. Bákan náà ni eyín kúkúrú olókè rọ́bọ́rọ́bọ́: ẹlẹ́dẹ̀ ní i, ọ̀bọ ní i, ènìyàn ní i, torí pé ẹni tó ń jẹ èso, ewé, kòkòrò àti ohunkóhun tó bá rí kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Willi Hennig, ọmọ Jámánì kan tó mọ̀ nípa kòkòrò, ló fi òfin yìí lélẹ̀ kedere ní 1950: àmì tuntun tí ẹ̀dá méjì jọ ní nìkan ló lè jẹ́rìí ìbátan wọn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ egúngún gba òfin rẹ̀ tán, wọ́n padà sídìí Condylarthra láti wá àmì tuntun tí gbogbo wọn jọ ní, wọn kò sì rí ọ̀kan. Ohun tó kó wọn pọ̀ ni pé wọn kò tíì di ẹṣin, wọn kò tíì di màlúù, wọn kò tíì di erin.

Ìmọ̀ DNA ló tún wá bu igi náà lulẹ̀. Ní 1998, Michael Stanhope àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní Afrotheria. Erin wà níbẹ̀, òfàfà wà níbẹ̀, ẹran inú omi tí wọ́n ń pè ní manatee wà níbẹ̀. Pẹ̀lú wọn ni aardvark tó ń hú ikán jẹ, àti àwọn ẹran kéékèèké onímú gígùn tí ẹnikẹ́ni ì bá pè ní eku. Ilẹ̀ Áfíríkà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Ẹṣin àti màlúù wà lápá ibòmíràn pátápátá, pẹ̀lú ajá, ológbò, àdán àti akika. Ẹ ka gbólóhùn yìí fún kíláàsì kí ẹ sì wo ojú wọn: àdán sún mọ́ màlúù ju bí erin ṣe sún mọ́ ọn lọ.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, baba ńlá kan ṣoṣo tó bí erin àti màlúù ló bí àdán, ajá, eku àti ènìyàn pẹ̀lú. Kò lè jẹ́ ẹran onípátákò. Pátákò jáde nínú ìran tó ju ẹyọ kan lọ, nígbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ẹran tó bá ń rìn jìnnà lórí ilẹ̀ líle tó sì ń sá fún apẹran-jẹ yóò jèrè tí orí ìka rẹ̀ bá le. Fún ìdí yìí, kò sí bí a ṣe lè fi baba kan náà fún gbogbo onípátákò, à báà kó egúngún tó pọ̀ tó òkè Olúmọ jọ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí òfàfà, nítorí tiwa ni. Àwọn tó dàgbà nítòsí igbó mọ igbe rẹ̀ lóru dáadáa, kódà bí wọn kò bá rí ojú rẹ̀ rí. Ẹran tó kéré tó bẹ́ẹ̀, tó ń gun igi, ni ìbátan erin, èékánná rẹ̀ sì rí pẹlẹbẹ bíi pátákò kéékèèké. Simpson ti rí ìbátan yẹn ní 1945 láìsí DNA, ó kó erin, òfàfà àti manatee sí ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ náà sì dúró títí dòní. Ó yẹ ká fún un ní ọ̀wọ̀ rẹ̀ lórí èyí. Ní 2021, àwọn onímọ̀ tún fi hàn pé òfàfà tó ń gbé láàárín odò Volta àti odò Ọya, tó kan apá kan Gánà, Tógò, Benin àti ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà, yàtọ̀ sí àwọn tó wà lódìkejì odò méjèèjì. Wọ́n sọ ọ́ ní Dendrohyrax interfluvialis. Igbe rẹ̀ wà lára ohun tó kọ́kọ́ tú u fó: ó ń gbó, àwọn yòókù ń ké tòò. Ẹran tó wà lẹ́yìnkùlé wa ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yà sọ́tọ̀ o, ká má tíì wá sọ ti mílíọ̀nù ọdún 60 sẹ́yìn.

Tí a bá wá fẹ́ rí irú ẹran tí erin àti òfàfà ti jáde, ibi ìwakùsà fọ́síféètì ní Ouled Abdoun ní Mòrókò la ó lọ. Emmanuel Gheerbrant, ọmọ Faransé, àti àwọn ará Mòrókò tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti rí Eritherium níbẹ̀, ìran erin tó wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 60 sẹ́yìn tí kò sì tóbi tó ewúrẹ́. Wọ́n rí Ocepeia pẹ̀lú, tí wọ́n sọ lórúkọ ní 2001. Ká ní Wyoming ni wọ́n ti wa eyín Ocepeia jáde ní 1900, Condylarthra ni wọn ì bá sọ ọ́ sí láìronú. Nígbà tí wọ́n wá rí agbárí rẹ̀, àmì ẹgbẹ́ erin ló wà lára rẹ̀. Ẹ̀rí tó lágbára jù lójú mi nìyẹn pé eyín àti ìrísí àtijọ́ lásán lè jọra láìsí ìbátan.

Ẹ béèrè Phenacodus. Ìdílé rẹ̀ ti padà sí ibi tí Cope kọ́kọ́ fi í sí. Ọ̀pọ̀ ìwádìí báyìí fi í sí ẹ̀gbẹ́ ìran ẹṣin, àgbáǹréré àti tapir (ẹran onímú gígùn kan tó rí bí ẹlẹ́dẹ̀), kò wọ inú agbo wọn, ṣùgbọ́n òun ló sún mọ́ ọn láti ìta. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni Cambaytherium, tí wọ́n wà jáde nínú ibi ìwakùsà èédú ní Gujarat ní Íńdíà, tí Kenneth Rose àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣàlàyé egúngún rẹ̀ ní 2014. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà láàárín ti Phenacodus àti ti ẹṣin àkọ́kọ́: ó ti ń yí padà, kò tíì yí tán. Nítorí náà, tí ẹ bá ní akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ràn Phenacodus, ẹ fọkàn rẹ̀ balẹ̀, ẹran rẹ̀ ní ilé.

Àwọn ti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1833, Charles Darwin ra agbárí ẹran ńlá kan ní Uruguay ní peníì 18, ìyẹn ṣílè kan àti sísì. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó wú egúngún òmíràn ní San Julián ní Patagonia. Richard Owen ní London sọ ti àkọ́kọ́ ní Toxodon, ó sọ ìkejì ní Macrauchenia. Toxodon dà bí erinmi lójú, eyín rẹ̀ sì jọ ti eku, èyí tó mú kí Owen máa wá ìbátan rẹ̀ kiri. Ó rò pé Macrauchenia sún mọ́ ràkúnmí. Fún ohun tó lé ní ọgọ́sàn-án ọdún, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ìbátan àwọn ẹran wọ̀nyí. Àwọn kan ní ọ̀dọ̀ erin ni, àwọn kan ní wọ́n dá wà.

Ìkẹyìn irú àwọn ẹran yìí kú ní nǹkan bí 12,000 ọdún sẹ́yìn, egúngún wọn kò tíì di òkúta tán. Ní 2015, Frido Welker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ pùròtéènì collagen nínú egúngún Toxodon àti Macrauchenia, wọ́n fi wé ti àwọn ẹran tó wà láàyè. Ìdáhùn rẹ̀: ìran ẹṣin àti àgbáǹréré ló sún mọ́ wọn jù lọ. Ní 2017 àwọn mìíràn rí DNA Macrauchenia kà, ó sì sọ ohun kan náà, pẹ̀lú àfikún pé ìran rẹ̀ àti ìran ẹṣin ti pínyà láti nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn. Wàyí o, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé inú àwọn ẹran kéékèèké kan tó wà lára Condylarthra ni Macrauchenia ti jáde. Egúngún irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà ní Tiupampa ní Bolivia láti ìbẹ̀rẹ̀ Paleocene, wọ́n sì tún rí àwọn tó tẹ̀ lé wọn ní Itaboraí, ní ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro ní Brazil. Bí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́, àwọn ẹran Tiupampa náà di ará ilé ẹṣin. Ẹ wo bí ẹran tó kú ní àná ṣe ran èyí tó kú ní mílíọ̀nù ọdún 60 sẹ́yìn lọ́wọ́ láti rí ẹbí rẹ̀. Phenacodus fúnra rẹ̀ kò lè fún wa ní DNA láéláé, ó ti pẹ́ jù.

Ti ìdílé Mesonyx kò gùn. Ẹran ajẹran ni wọ́n, orí wọn gùn bíi ti ìkookò, pátákò kéékèèké sì wà ní ìka wọn. Ní 1966 Van Valen sọ pé àwọn ló bí àbùùbùtán, nítorí eyín wọn jọra gan-an, gbogbo ayé sì gbà á fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. DNA ló kọ́kọ́ takò ó: ó ní erinmi ni ìbátan àbùùbùtán. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ egúngún kò gbà. Ní oṣù kẹsàn-án 2001 ni ẹgbẹ́ méjì, ti Philip Gingerich àti ti Hans Thewissen, gbé egúngún kókósẹ̀ àbùùbùtán àtijọ́ láti Pakistan jáde, láti ìgbà tí àbùùbùtán ṣì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Kòtò wà lókè rẹ̀, kòtò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bíi ti ewúrẹ́ gẹ́lẹ́. Ìran màlúù àti erinmi ni àbùùbùtán. Eyín ìdílé Mesonyx jọ tirẹ̀ nítorí pé àwọn méjèèjì ń fi eyín gé ẹran.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé Pakistan nìkan ni irú àbùùbùtán bẹ́ẹ̀ wà. Ní 1920, Charles Andrews ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbùùbùtán àtijọ́ kan tí wọ́n rí ní Ameki, ní ìlà oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ó sọ ọ́ ní Pappocetus lugardi, ó fi Lugard gómìnà sọ ọ́. Ní 2014 wọ́n tún sọ òmíràn ní Togocetus, láti ibi ìwakùsà fọ́síféètì Kpogamé ní Tógò. Àárín sáà Eocene ni àwọn méjèèjì. Kò yẹ kí ọmọ Nàìjíríà jáde ìwé mẹ́wàá láìgbọ́ orúkọ Pappocetus rí.

Àwọn yòókù kò tíì rọrùn. Hyopsodus, ẹran kékeré ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tí eyín rẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn ní Wyoming, àwọn kan fi í sọ́dọ̀ ẹṣin. Ṣùgbọ́n àwọn kan tí wọ́n ti kà mọ́ ìdílé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Apheliscus àti Haplomylus, ni Shawn Zack àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2005 gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn onímú gígùn Áfíríkà, àwọn ẹlòmíràn sì takò wọ́n. Periptychus, ẹran tó nípọn láti New Mexico tí ìlà gbọọrọgbọọrọ wà lára eyín rẹ̀, dá ìdílé tirẹ̀ ní. Arctocyon ló le jù. Ó tóbi, eyín iwájú rẹ̀ gùn, èékánná ló ní dípò pátákò. Chriacus tó jẹ́ ará ilé rẹ̀ ń gun igi, àwọn kan sì gbà pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìran màlúù ti jáde. Ní tèmi, ìdílé Arctocyon pàápàá jẹ́ ìkójọ bíi Condylarthra ní kékeré: kì í ṣe ibì kan ni gbogbo wọn yóò lọ. Protungulatum tí wọ́n fi ṣe ìdí igi nígbà kan, àwọn onímọ̀ kan ti gbé e sí ẹ̀yìn òde gbogbo afọ́mọlọ́mú bíi tiwa tí ọmọ wọn ń dàgbà nínú oyún. Nígbà tí Thomas Halliday àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹranko tó ju 170 lọ wé ara wọn nínú ìwádìí ńlá kan, káàkiri orí igi ni àwọn condylarth túká sí.

Nítorí náà, èyí ni mo rò pé kí ẹ ṣe. Ẹ má pa orúkọ náà rẹ́ pátápátá. Ẹ lo "condylarth" gẹ́gẹ́ bí orúkọ fún àwọn ẹran Paleocene àti ìbẹ̀rẹ̀ Eocene tí ìrísí wọn ṣì jẹ́ ti àtijọ́, kí ẹ fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kì í ṣe orúkọ ẹbí. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sọ ìbátan, ẹ dárúkọ ìdílé: ìdílé Phenacodus, ìdílé Mesonyx, ìdílé Periptychus. Ẹ má ya igi tó ní ìdí kan tí wọ́n kọ Condylarthra sí. Ẹ ya èyí tí ẹ̀ka Áfíríkà ti yà kúrò ní ìsàlẹ̀, tí ìran ẹṣin àti ìran màlúù wà lókè lọ́hùn-ún nítòsí ajá àti àdán, kí ẹ wá fi ẹran àtijọ́ kọ̀ọ̀kan sí ibi tí ẹ̀rí gbé e dé. Èyí tí kò ní ẹ̀rí, ẹ fi àmì ìbéèrè sí i. Àwọn ọmọ kì í bẹ̀rù àmì ìbéèrè, àwa olùkọ́ ló ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ sì ra ẹsẹ̀ ewúrẹ́ lọ́jà, ẹ sè é títí ẹran yóò fi bọ́ kúrò, kí ẹ yọ egúngún kókósẹ̀ náà síta. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi àtàǹpàkò tọ kòtò òkè àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Wákàtí kan pẹ̀lú egúngún yẹn yóò ṣe ju ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú pátákó ìkọ̀wé lọ.

Tí ẹ bá wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn tàbí nítòsí rẹ̀, ó tún kù ohun kan. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ńtì, sáà Paleocene gan-an ló ti wà. Ìsàlẹ̀ òkun ni ibẹ̀ nígbà náà, ìkarahun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ òkun náà ni Ouled Abdoun, omi sì gbé òkú ẹran orí ilẹ̀ dé ibẹ̀. Egúngún afọ́mọlọ́mú Paleocene láti Áfíríkà ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí eyín kan ṣoṣo lè yí àwòrán igi padà. Bí ẹ bá kó àwọn ọmọ lọ sí irú ibẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn tó ni ín, tí ẹnì kan sì rí ohun dúdú tó ń dán bí eyín nínú òkúta, ẹ má jẹ́ kó fi òòlù yọ ọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ibi tó wà àti ìpele òkúta tó ti jáde sílẹ̀, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìmọ̀ àpáta àti ilẹ̀ ní yunifásítì tó bá sún mọ́ yín jù.